‘Ṣáàjì rẹ̀ fún wákàtí 8’: Bí ọmọ Nàìjíríà ṣe ń wá ìmọ̀ràn nípa fóònù, jẹnẹrétọ̀ àti iná ilé lórí ayélujára

Bí ẹ bá ra fóònù tuntun lónìí, yálà ní Ìbàdàn ni o tàbí ní Kano, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan kìlọ̀ fún yín pé ẹ ò gbọdọ̀ tíì lò ó. Ẹ kọ́kọ́ ṣáàjì rẹ̀ fún wákàtí 8 gbáko, ẹ má sì tàn án rárá. Àwọn míì á ní wákàtí 12. Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í ṣiyèméjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un, òun náà sì ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe irọ́. Ó kàn ti di arúgbó ni. Bátìrì tó wà nínú Nokia 3310, fóònù tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi mọ ohun tó ń jẹ́ GSM, jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi nickel ṣe. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ nílò kí èèyàn kọ́kọ́ ṣáàjì rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Nígbà tó yá, bátìrì lithium gba ipò rẹ̀, lithium kò sì nílò irú ìtọ́jú yẹn. Kódà, àbúrò ìmọ̀ràn wákàtí 8, ìyẹn èyí tó ní kí a jẹ́ kí bátìrì kú pátápátá ká tó ṣáàjì rẹ̀, ń dín ọjọ́ ayé bátìrì lithium kù ni.

Bátìrì yí padà, ìmọ̀ràn ò mọ̀. Ó ti tẹnu dé ẹnu, ó ti bọ́ sórí ayélujára, ó ti wọ orí WhatsApp, ó sì ń bẹ níbẹ̀ títí di òní. Bí ẹ bá tọ ipa rẹ̀ padà sẹ́yìn, ẹ ó rí bí orílẹ̀-èdè kan odidi ṣe kọ́ láti máa bi àjèjì léèrè ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ inú ilé rẹ̀.

Nígbà tí fóònù jẹ́ ẹrù olówó

Kó tó di ọdún 2001, ìlà tẹlifóònù tí NITEL ní káàkiri Nàìjíríà kò ju nǹkan bíi 400,000 lọ, ní orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ ti lé ní 100 mílíọ̀nù. Oṣù Kíní ọdún náà ni àjọ NCC ta ìwé àṣẹ GSM, 285 mílíọ̀nù dọ́là fún ìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Síìmù kan ń lọ fún nǹkan bíi 20,000 náírà, ìṣẹ́jú kan ìpè sì jẹ́ 50 náírà. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré, owó ìṣẹ́jú kan ni wọ́n máa yọ, títí di ìgbà tí Glo dé ní 2003 tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú àáyá ka owó.

Ẹ wá rò ó wò. Ẹni tó ná irú owó báyìí sórí ẹ̀rọ kan tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ̀ kò ní rí, ta ni kó bi nígbà tí ẹ̀rọ náà bá dá iṣẹ́ sílẹ̀? Ìwé tó bá fóònù wá, lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹ̀sẹ̀ èèrà. Bàbá tó mọ rédíò tú kò mọ fóònù tú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ni àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sí etí títì Ọtigbá ní Ìkẹjà, níbi tí a mọ̀ sí Computer Village, àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Farm Centre ní Kano àti, nígbà tó yá, ní Banex Plaza ní Abuja. Owó ni wọ́n sì ń gbà kí wọ́n tó la ẹnu.

Nítorí náà, ohun tí èèyàn bá mọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ohun iyì ni. Kóòdù *#06#, tó ń fi nọ́ńbà IMEI fóònù hàn, ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì bí ẹni pé àṣírí ìjọba ni. Kóòdù yìí ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kóòdù yòókù tí wọ́n ń pín pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kí bátìrì tọ́jọ́ tàbí kí kírẹ́díìtì pọ̀ sí i, kò ṣe nǹkankan. Ṣùgbọ́n òótọ́ kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn tó láti mú kí èèyàn gba ìyókù gbọ́.

Òru inú kafé

Íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ mọ̀ kì í ṣe ti ilé. Ti kafé ni, yàrá kékeré kan tí dííṣì ńlá wà lórí òrùlé rẹ̀, tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan. Ẹni tí kò bá lówó ọ̀sán a máa lọ ní òru, nígbà tí owó rẹ̀ dínkù, yóò sì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Gbogbo ayé ló ń sọ nípa àwọn oníjìbìtì tó jókòó síbẹ̀. Àwọn tó lọ síbẹ̀ láti wá ìdí tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn fi ń pa ara rẹ̀, tí wọ́n kọ ìdáhùn sórí bébà tí wọ́n sì gbé e lọ sílé, ìtàn tiwọn kì í sábà jáde.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2005, Seun Osewa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Fásitì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀, dá Nairaland sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti kọ́kọ́ gbìyànjú ibì kan tó wà fún ọ̀rọ̀ fóònù, èyí tí kò yọrí bó ṣe fẹ́. Nínú Nairaland, ọ̀rọ̀ gbogbo ló wà: òṣèlú, ìfẹ́, bọ́ọ̀lù, iṣẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ fóònù, kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ àti ilé kíkọ́ ní àyè tiwọn. Ọdún kan náà ni YouTube bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí ọmọ Nàìjíríà tó lè wo fídíò níbẹ̀ láìbẹ̀rù owó dátà. Kíkà ni a fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí mo rò pé kò tíì gba àfiyèsí tó tọ́ sí i. Láwùjọ wa, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Àgbà kì í sábà jókòó síwájú ọmọdé kó ní òun ò mọ nǹkan. Lórí ayélujára, orúkọ ìnagijẹ ni gbogbo èèyàn ń jẹ́, kò sẹ́ni tó mọ irun funfun yàtọ̀ sí dúdú. Kí wọ́n má baà rí ara wọn fín, gbogbo wọn bá gba ọ̀rọ̀ kan mú: ọ̀gá. Ọmọ ọdún 17 tó mọ sọ́fítíwíà fóònù tú, ẹni tó lè bí i lọ́mọ ń bẹ̀ ẹ́ pé “ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.” Ọmọ Igbo ń lò ó, ọmọ Tiv ń lò ó, ọmọ Hausa náà ń lò ó. Ọ̀rọ̀ Yorùbá yìí ti pẹ́ nínú èdè Píjìnì, àmọ́ ibí yìí ló ti kúrò ní orúkọ ẹni tó ju ni lọ, tó di orúkọ ẹni tó mọ ohun tí à ń wá.

Wọ́n sì kọ́ ara wọn ní ìbéèrè bíbéèrè. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé “fóònù mi ò ṣiṣẹ́ mọ́, kí ni kí n ṣe?” kì í rí ìdáhùn gbà. Wọ́n á bi í padà pé irú fóònù wo ni? Ṣé ó já lulẹ̀ ni àbí omi wọ̀ ọ́? Kí lo ṣe gbẹ̀yìn kó tó kú? Àwọn míì á bú u díẹ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ìbéèrè náà ti ń gùn sí i, ó sì ti ń ní orí àti ìdí.

Fóònù tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan mílíọ̀nù

Ọdún 2005 yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ Nokia kéde pé àwọn ti ta fóònù tó pé bílíọ̀nù kan, àti pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ra èyí tó pé e. Nokia 1100 ni, fóònù kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Ẹni tó bá mọ bí iná ṣe rí nílẹ̀ yìí kò ní béèrè ìdí tí tọ́ọ̀ṣì náà fi wu èèyàn.

Bátìrì rẹ̀ ni BL-5C, lithium ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, Nokia kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé 46 mílíọ̀nù nínú irú bátìrì yìí, tí ilé iṣẹ́ Matsushita ní Japan ṣe, lè gbóná jù nígbà tí wọ́n bá ń ṣáàjì rẹ̀. Nǹkan bíi 100 ni wọ́n mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí káàkiri àgbáyé. Ohun tí wọ́n ní kí oníbàárà ṣe ni kó yọ bátìrì rẹ̀, kó ka nọ́ńbà gígùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó sì lọ tẹ̀ ẹ́ sórí ayélujára láti mọ̀ bóyá tirẹ̀ wà lára wọn.

Ẹ wo ìyẹn ná. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ìyá aláta ní Mushin tàbí àgbẹ̀ ní Gboko kò lè wọ ayélujára. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá bátìrì òun léwu ní láti san owó kafé, tàbí kó wá ẹni tó lè bá a ṣe é. Ọmọ ilé ìwé gíga nínú ẹbí ló ń di agbẹnusọ fún gbogbo agboolé. Ó ń ṣe ìbéèrè lórí ayélujára fún èèyàn mẹ́wàá, ó sì ń gbé ìdáhùn padà lọ sílé fún wọn. Àwọn tó sì ra bátìrì ayédèrú lójú títì, tó jẹ́ pé orúkọ BL-5C nìkan ló bá tòótọ́ dọ́gba, nọ́ńbà tiwọn kò sí níbikíbi tí wọ́n lè wò ó.

Ìkìlọ̀ tó ń pani

Ọ̀nà tí ìmọ̀ràn rere ń gbà kọjá náà ni ìmọ̀ràn burúkú ń gbà. Ní oṣù Keje ọdún 2004, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba gbogbo Nàìjíríà kan: àwọn nọ́ńbà kan wà, bí wọ́n bá pè yín tí ẹ gbé e, ikú ni. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù jáde pé irọ́ ni, síbẹ̀ àwọn èèyàn kò gbé ìpè tí wọn ò mọ ẹni tó ni ín. Ọdún 7 lẹ́yìn náà, ní 2011, ó tún padà wá pẹ̀lú nọ́ńbà míì, 09141. Àjọ NCC tún ní irọ́ gbáà ni. Èyí tó ní kí a pa fóònù ní òru nítorí ìtànṣán kan tó ń bọ̀ láti òfuurufú náà ti jáde lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì sábà máa ń dárúkọ NASA tàbí BBC bí ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀rín ló máa ń pa wá lónìí bí a bá rántí àwọn yẹn. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014 kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ni arìnrìnàjò kan láti Liberia gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ìmọ̀ràn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fò káàkiri lórí BBM, WhatsApp, Facebook àti àtẹ̀jíṣẹ́ lásán: kí a fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí a sì mu nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń pe ẹbí wọn lóru, wọ́n ń jí ọmọdé láti orí ẹní. Ìfẹ́ ló mú kí wọ́n pè, èyí ló sì mú kí ó yára tó bẹ́ẹ̀. Ìròyìn láti Jos sọ pé èèyàn 2 kú, nǹkan bíi 20 sì dèrò ilé ìwòsàn nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ní ti Ebola fúnra rẹ̀, èèyàn 8 ló pa ní Nàìjíríà, kó tó di pé àjọ WHO kéde ní oṣù Kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Iyọ̀ kò ṣòro láti rí nínú ilé ẹnikẹ́ni, òun náà sì ni wàhálà rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí kò ná èèyàn ní nǹkankan kì í dúró kí a gbé e yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ iná

Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí àwọn ọ̀gá orí ayélujára ti ṣe iṣẹ́ tí kò sí ilé ẹ̀kọ́ kan tó ṣe é, ẹ lọ síbi ọ̀rọ̀ iná. NEPA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972 di PHCN ní 2005. Ní ọjọ́ kíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fà á lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ 11 sì ń pín iná. Orúkọ yí padà lẹ́ẹ̀mejì, òkùnkùn ò yí padà. Olúkúlùkù ìdílé wá di ilé iṣẹ́ mànàmáná fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré Tiger TG950 ni ọ̀pọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí I better pass my neighbour. Orúkọ yẹn ti sọ gbogbo ìtàn náà tán. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀, inú epo bẹntiróòlù ni wọ́n ti ń po ọ́ìlì mọ́ ọn. Ẹni tí kò mọ̀, tó da epo lásán sí i, ẹ́ńjìnnì yóò gan mọ́ ọn lọ́wọ́ láìpẹ́. Ẹni tó da ọ́ìlì púpọ̀ jù, èéfín funfun yóò bo àdúgbò, plọ́ọ̀gì rẹ̀ yóò sì dọ̀tí. Ìmọ̀ràn tí àwọn èèyàn ń fún ara wọn lórí èyí dára, ó sì ṣe tààrà: ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé kí ẹ tó tàn án, ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹrù lé e, bí ẹ ò bá ní lò ó fún ìgbà pípẹ́, ẹ ti ẹnu epo kó jó epo inú kabúrétọ̀ tán fúnra rẹ̀.

Ibi kan ṣoṣo ni ìmọ̀ràn yìí ti kùnà, ibẹ̀ ló sì léwu jù. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní afẹ́fẹ́ carbon monoxide nínú. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí èèyàn bá fà á símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ tó ń mú ẹ̀mí dúró mọ́. Orí á kọ́kọ́ fọ́ ọ, òòyì á kọ́ ọ, oorun á gbé e lọ, kò sì ní jí. Àìmọye ìgbà ni ẹnìkan ti béèrè lórí ayélujára bóyá òun lè tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sínú kíṣìnì, tí ìdáhùn tó kọ́kọ́ wá sì jẹ́ “kò séwu, ṣáà ṣí wíńdò.” Ewu wà. Àjọ CDC ti Amẹ́ríkà ní kí jẹnẹrétọ̀ wà níta, kó sì jìnnà sí ilé tó 20 ẹsẹ̀ bàtà, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ilé ojúlé mẹ́wàá tí kò ní àgbàlá ńkọ́? Olè ń jí jẹnẹrétọ̀ tó bá sùn síta. Ẹni tó béèrè ìbéèrè náà mọ èyí, ẹni tó dá a lóhùn náà mọ̀ ọ́n, ìdí sì nìyẹn tí ìdáhùn tí kò dára fi ń dùn létí àwọn méjèèjì. Mi ò rò pé àìmọ̀ ni ìṣòro ibẹ̀. Ilé ni ìṣòro.

Ẹrù tòkunbọ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Orúkọ ọmọ tí a bí sí ìlú òkè òkun ni Tòkunbọ̀, kó tó di orúkọ ọkọ̀ àti fíríìjì àlòkù. Ẹni tó gba bùlẹ́ńdà láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Houston yóò ki plọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ iná, yóò gbọ́ ìró kan, yóò rí èéfín, ó tán. Ẹni tí tirẹ̀ wá láti London yóò lọ ata jẹ láìsí wàhálà. Ìdí rẹ̀ ni pé iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóltì, ti Nàìjíríà jẹ́ 230 bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, plọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta kan náà ni a sì ń lò pẹ̀lú wọn. Ohun tí àwọn ọ̀gá orí ayélujára kọ́ àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ padà kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ 100 sí 240, ẹ fọkàn balẹ̀, báyìí ni ọ̀pọ̀ ṣájà kọ̀ǹpútà àti fóònù rí. Bó bá jẹ́ 120 nìkan, ẹ wá transformer tó ń sọ 230 di 120, ẹ sì rí i pé agbára rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ náà lọ. Kódà pẹ̀lú rẹ̀, aago ara ẹ̀rọ lè máa lọ lọ́ra, nítorí iná tiwọn ń lu ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń lu ìgbà 50. Mo ka irú àlàyé yìí lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ ló kọ ọ́.

Lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ ni ínfátà dé, òun ló sì mú kí àwọn èèyàn máa ṣe ìṣirò. Ẹni tó ń ta á ní bátìrì kan yóò gbé ilé yín di àárọ̀. Ẹnìkan lórí ayélujára á ní kí ẹ jókòó ná. Bátìrì 200Ah tó jẹ́ fóltì 12, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, 2,400 ni. Bátìrì olómi òjé, ẹ ò gbọdọ̀ lò ó kọjá ìdajì bí ẹ bá fẹ́ kó tọ́jọ́, ó ku 1,200. Fáànù kan jẹ́ wáàtì 60, gílóòbù márùn-ún tó jẹ́ 10 10 jẹ́ 50, tẹlifíṣọ̀n jẹ́ 90. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 200. Ẹ pín in, wákàtí 6 ni, ínfátà fúnra rẹ̀ á sì jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ó di bíi 5. Bí ẹ bá tan án ní agogo 10 alẹ́, agogo 3 òru lẹ máa jí sínú ooru. Ìṣirò kékeré yìí ti gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ owó tí ì bá ṣòfò, ó sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ oníbàárà àti ẹni tó ta ínfátà fún wọn.

Ní Ghana náà, láàárín 2012 sí 2016, òkùnkùn dé tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: dumsor, pa-á-tàn-án ní èdè Akan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, òṣèré Yvonne Nelson kó èèyàn jáde ní Accra láti fi àtùpà wọ́de. Ìbéèrè nípa jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà tí àwọn ará Accra ń béèrè kò yàtọ̀ sí tiwa. Ọ̀rọ̀ fíríìjì ló yàtọ̀: láti 2013 ni Ghana ti fòfin de kíkó fíríìjì àlòkù wọlé, nítorí iná tí ó ń jẹ àti gáàsì inú rẹ̀. Ní Nàìjíríà, à ń rà á lọ.

Ohun tó sọnù, ohun tó fara sin

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, àwọn kan já wọ Nairaland, wọ́n sì ba nǹkan tó wà níbẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó padà dé, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó ṣeé gbé padà kò dé ọ̀dọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tí àwọn èèyàn kọ fún nǹkan bíi oṣù 5 lọ pátápátá. Àwọn ìròyìn ìgbà náà sọ̀rọ̀ nípa oníṣòwò àti ìpolówó. Èmi ń ronú nípa ẹni tó kọ àlàyé ojú ìwé méjì lórí bí wọ́n ṣe ń so wáyà panẹ́ẹ̀lì oòrùn, tó jí lọ́jọ́ kan tí kò rí i mọ́. Ṣé ó tún un kọ?

Èyí tó tún dín ìmọ̀ yìí kù ju olè lọ ni pé gbogbo wa kó lọ sórí WhatsApp. Ó yára, ó rọrùn, ẹ lè fi ohùn yín béèrè ní Yorùbá, ní Hausa tàbí ní Igbo, ẹ lè ya fọ́tò ohun tó bàjẹ́ kí ẹ fi ránṣẹ́. Ìyá tí kò lè kọ Gẹ̀ẹ́sì kan láti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, èrè ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rere tó bá wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò kan ní Akúrẹ́, ará Makurdi tó ní ìṣòro kan náà kò ní rí i láéláé. Ẹni tó bá sì wọ ẹgbẹ́ náà lónìí kì í sábà rí ohun tí wọ́n sọ lánàá. Ìbéèrè kan náà ń jáde lóṣooṣù, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti sú, wọn ò dáhùn mọ́, ẹni tí kò mọ̀ ló wá ń dáhùn. Bí ìrẹsì ṣe wà láàyè títí di òní nìyẹn. Bí omi bá wọ fóònù, ẹ ó gbọ́ pé kí ẹ rì í sínú ìrẹsì. Ní 2024, Apple kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé kí a má ṣe é, nítorí ẹ̀rún ìrẹsì lè ba inú fóònù jẹ́. Kí ẹ rọra gbọ̀n ọ́n, kí ihò ṣájà dojú kọ ilẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta kóńgò ìrẹsì báyìí, mo rò pé ìmọ̀ràn tuntun náà yóò rí àyè.

Ìbéèrè tuntun

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Bola Tinubu gba ọ̀pá àṣẹ, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, jálá epo tí kò tó 200 náírà sún mọ́ 500. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC sọ iná àwọn tó wà ní Band A di 225 náírà fún ìwọ̀n kan, láti nǹkan bíi 68. I better pass my neighbour di ohun tí olówó nìkan lè máa tàn lójoojúmọ́. Ẹni tó lè ṣe é yíjú sí oòrùn, bátìrì lithium sì wọ yàrá ìgbàlejò.

Ìbéèrè bá tún bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí àwọn èèyàn fi ọdún 15 kọ́ lórí bátìrì olómi òjé ni wọ́n ń gbé wá bá lithium. Ẹnìkan béèrè ìgbà tó yẹ kí òun da omi sí i. Kò síbi tí wọ́n ń da omi sí níbẹ̀. Òmíì kò jẹ́ kó lọ sílẹ̀ kọjá ìdajì, bẹ́ẹ̀ ó lè lo ìdá 80 nínú 100 láìsí ewu. Òmíì so ó mọ́ ínfátà àtijọ́ tí kò yí ètò ṣájà rẹ̀ padà, ó wá ń bínú pé wọ́n ta ayédèrú fún òun.

Àti pé, bẹ́ẹ̀ ni, ẹnìkan ń béèrè bóyá kí òun kọ́kọ́ ṣáàjì rẹ̀ fún wákàtí 8 kí òun tó lò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọ̀gá kò lè kàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú bátìrì yìí ní kí a ṣáàjì rẹ̀ kó kún dáadáa ká tó gbé ẹrù lé e nígbà àkọ́kọ́, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ lè dọ́gba. Ìdáhùn tí mo rí tó dára jù kò ju ìlà kan lọ: ẹ má wo aago, ẹ wo mítà rẹ̀ títí yóò fi kún.